Ibi Tí Ọkọ̀ Yóò Sùn: Bí Ẹ̀gbọ́n Mi Ṣe Ra Ọkọ̀ Ìgbòkun ní Portsmouth

Ní oṣù kejì ọdún tó kọjá, nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, ẹ̀gbọ́n mi pè mí. Wọ́n ní, "Mo ti rí ọkọ̀ mi." Wọn ò ní àwọn rí ọkọ̀ kan. "Ọkọ̀ mi" ni wọ́n pè é, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì san kọ́bọ̀. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọkàn ti ṣáájú owó dé ọjà.

Nọ́ọ̀sì ni ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ òru ni wọ́n sì ń ṣe jù. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni wá. Ìyá bàbá wa ta ẹja títí ọlọ́jọ́ fi dé, etí ọ̀sà ni wọ́n ti tọ́ wa dàgbà. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí ẹ̀gbọ́n ti ń kọ́ bí a ṣe ń fi ìgbòkun rìn, wọ́n sì ti gba ìwé ẹ̀rí Day Skipper ti RYA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ìgbòkun Gẹ̀ẹ́sì. Nínú àjọ àti owó àṣekún iṣẹ́, wọ́n ti kó 20,000 pọ́ùn jọ. Wọ́n fẹ́ ọkọ̀ tí àwọn, ìyàwó wọn àti àwọn ìbejì lè sùn sínú rẹ̀, tí wọ́n lè fi máa gba etíkun gúúsù England lọ, kí wọ́n sì fi dé Cherbourg ní ilẹ̀ Faransé lọ́jọ́ kan. Èmi náà ti ní ọkọ̀ kékeré kan lórí omi yẹn fún ọdún mọ́kànlá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pè mí kí wọ́n tó sanwó.

Contessa 32 ni ọkọ̀ tí wọ́n rí. Mi ò lè bínú sí wọn, torí èmi náà fẹ́ràn ọkọ̀ yẹn dọ́kàn. David Sadler ló ya àwòrán rẹ̀, Jeremy Rogers ló bẹ̀rẹ̀ sí í kàn án ní Lymington ní 1971, wọ́n sì ti kàn ju 700 lọ. Ẹsẹ̀ bàtà 32 ni gígùn rẹ̀, ṣùgbọ́n fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mẹ́sàn-án àtààbọ̀ lọ. Ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọkọ̀ àjẹ̀ àwọn apẹja ilé wa. Nínú gbogbo ìwọ̀n rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tó wà nínú kíìlì, ìyẹn ẹsẹ̀ wíwúwo tó sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ tí kì í jẹ́ kó dojú dé. Ní oṣù kẹjọ 1979, ìjì bá ìdíje ọkọ̀ ìgbòkun tí wọ́n ń pè ní Fastnet lójú òkun láàárín England àti Ireland. Ọkọ̀ 303 ló gbéra. Àwọn olùdíje 15 bá ibẹ̀ lọ, àwọn èrò inú ọkọ̀ 24 sì fi ọkọ̀ wọn sílẹ̀ lórí omi. Nínú ìsọ̀rí àwọn ọkọ̀ tó kéré jù, ẹyọ kan péré ló parí ìdíje náà: Assent, Contessa 32 kan.

Ìtàn yẹn ni alágbàtà fi ta ọkọ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀ lé orí rẹ̀. Òótọ́ sì ni ìtàn náà, kò fi irọ́ kún un. 19,500 pọ́ùn ni wọ́n pè é. Wọ́n máa san ìdá kan nínú mẹ́wàá sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Mo bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ẹ̀gbọ́n, níbo ni ọkọ̀ yìí yóò máa sùn?"

Wọ́n ní Langstone ni. Ọdún méjì ni wọ́n ti fi orúkọ sílẹ̀ de ibi ìsokọ̀ níbẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn wọ́n ni, owó rẹ̀ kò sì tó 700 pọ́ùn lọ́dún. Ẹni tí kò bá mọ Langstone lè má mọ ohun tó bà mí lẹ́rù. Ọ̀sà tí òkun ń wọ̀ ni, ó wà láàárín erékùṣù Portsea àti Hayling Island. Bí òkun bá kún, omi á lọ súà, ojú ò ní tó o. Bí òkun bá fà, ẹrọ̀fọ̀ ló kù, àfi àwọn ojú ọ̀nà omi díẹ̀ tó jìn. Nígbà tí ìkún àti ìfà bá le jù, ìyàtọ̀ tó wà láàárín omi òkè àti omi ìsàlẹ̀ á tó nǹkan bí mítà mẹ́rin. Ibi ìsokọ̀ tí wọ́n fún ẹ̀gbọ́n wà lára ibi tí ẹrọ̀fọ̀ ti máa ń yọjú lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi kéré. Contessa nílò omi tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àtààbọ̀ kó tó léfòó, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló sì ní. Bí omi bá lọ tán lábẹ́ rẹ̀, ìdùbúlẹ̀ ló kù, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, títí ọdún á fi yí po.

Ẹ̀gbọ́n dákẹ́. Wọ́n wá ní àwọn á gbé e sí máríínà, ibùdó ìgbọ́kọ̀sí olówó gọbọi, tí omi rẹ̀ jìn. Mo ní kí wọ́n béèrè iye rẹ̀ ná. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n fi iye náà ránṣẹ́ sí mi: 5,400 pọ́ùn lọ́dún fún ọkọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀. 500 pọ́ùn ni yóò sì kù lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn tí wọ́n bá ra ọkọ̀ tán.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwa tó ń ra ọkọ̀ ojú omi máa ń sọ ọmọ lórúkọ tán ká tó rántí ilé. A ó lo oṣù mẹ́fà láti fi ìgbòkun wé ìgbòkun, a ó mọ ìtàn ẹni tó fi irú ọkọ̀ báyìí yí ayé po, a ò sì ní béèrè bí omi ṣe jìn tó níbi tí a ó so ó mọ́. Bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ tí ènìyàn ń gùn ní ọjọ́ 40 lọ́dún ń fi ọjọ́ 325 dúró síbi kan. Ibi yẹn ló ń sọ irú ẹsẹ̀ tí ọkọ̀ yóò ní, ẹsẹ̀ yẹn ló sì ń sọ gbogbo ohun tó kù.

Ẹ̀gbọ́n ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó dùn wọ́n, mo sì mọ̀ ọ́n lára.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Ìyá Ìbejì, ìyàwó wọn, pè mí wá jẹun. Ó ní, "Ọkọ mi, ẹ wá bá wa jókòó sí ọ̀rọ̀ yìí, kí ó má di ìjà." Lórí tábìlì yẹn ni a ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa bí wọ́n ṣe máa lo ọkọ̀ yìí gan-an. Ìyá Ìbejì ló mú kàlẹ́ńdà iṣẹ́ wọn wá. Nínú oṣù kan, òpin ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ẹ̀gbọ́n kì í ṣiṣẹ́, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti ìsinmi lẹ́yìn iṣẹ́ òru. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni àwọn ìbejì. Ìyá Ìbejì fúnra rẹ̀ máa ń ṣàìsàn bí ọkọ̀ bá ń jù síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Ọ̀rọ̀ Cherbourg náà yọjú. Láti Portsmouth síbẹ̀ ju 70 máìlì òkun lọ. Bí ọkọ̀ bá ń rin máìlì márùn-ún ní wákàtí kan, wákàtí mẹ́rìnlá ó lé nìyẹn, tí afẹ́fẹ́ bá ṣe dáadáa. Ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n àti àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n ìwé aláwọ̀ ewé ti Nàìjíríà ni Ìyá Ìbejì ṣì ń lò. Físà Schengen ni yóò gbà kó tó lè fẹsẹ̀ tẹ Faransé. Pé ó bá ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ dé kò yí òfin padà. Àwọn tó ń kọ nípa irú ọkọ̀ tó yẹ ká rà kì í fẹnu ba èyí, torí kò kàn wọ́n. Ó kan wá. Ọ̀pọ̀ ilé wa nílùú ọba ni ìwé ìrìnnà oríṣi méjì wà lábẹ́ òrùlé kan. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ tó lè dá òkun kọjá, kó kọ́kọ́ wo inú dúrọ́ọ̀ tí ìwé ìrìnnà wà.

Nígbà tí a ṣírò rẹ̀ tán, ohun tó kù ni èyí: Bembridge, Cowes àti Yarmouth ní Isle of Wight, Chichester Harbour, àti ọ̀sẹ̀ kan nígbà ooru tí wọ́n lè fi dé Poole, bóyá Weymouth. Omi tó dára ni, ó sì pọ̀ fún ẹbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ibi tó dùn jù níbẹ̀ ni omi rẹ̀ kò jìn. Kò sí ìkankan nínú wọn tó ń fẹ́ ọkọ̀ tó la ìjì Fastnet já.

Ọkọ̀ kejì tí wọ́n lọ wò, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ọkọ̀ tuntun díẹ̀ ni, tí wọ́n kàn ní 2004, ó fẹ̀ nínú, ìmọ́lẹ̀ ń wọlé dáadáa, àwọn ọmọ sì fẹ́ràn rẹ̀. 38,000 pọ́ùn ni, owó yíyá ni wọ́n sì máa fi kún un. Alágbàtà ń tọ́ka sí lẹ́tà A tó wà lára rẹ̀. Láti 1998 ni òfin Yúróòpù ti ní kí wọ́n máa kọ lẹ́tà A dé D sára ọkọ̀ ìgbafẹ́, èyí tó ń sọ agbára afẹ́fẹ́ àti gíga ìgbì tí wọ́n torí rẹ̀ kàn án; A ló ga jù, fún ìgbì tó ju mítà mẹ́rin lọ. Àwọn ọkọ̀ àtijọ́ bíi Contessa kò ní lẹ́tà kankan, kì í sì í ṣe pé wọn ò lágbára. Kíìlì kan ṣoṣo tó gùn ni èyí náà ní. A padà sílé.

Ìyá Ìbejì ló rí ẹ̀kẹta, nínú ìpolówó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri: Westerly Centaur, ẹsẹ̀ bàtà 26, 7,500 pọ́ùn. Ẹ̀gbọ́n wo àwòrán rẹ̀, wọ́n mí kanlẹ̀. Kò lẹ́wà bíi Contessa, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ó ga lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kúrú, imú rẹ̀ kò mú. Ṣùgbọ́n ìtàn tirẹ̀ náà wà. Denys Rayner, tó darí ọkọ̀ ogun lójú òkun Atlantic nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ló dá Westerly sílẹ̀ ní 1963. Waterlooville ni wọ́n ti ń kan Centaur, ìtòsí Portsmouth níbẹ̀. Láti 1969 títí di 1980, wọ́n kàn ju 2,400 lọ. Àwọn tí wọ́n kàn án fún ni irú ẹ̀gbọ́n mi: òṣìṣẹ́ tó ní ọmọ, tí kò ní owó máríínà, tó ní ibi ìsokọ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀.

Kíìlì méjì ló ní, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Bí omi bá fà, á dúró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì ṣánṣán. Omi tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ti tó láti gbé e léfòó.

Ó ní ohun tí èyí ń gbà lọ́wọ́ ẹni, mo sì sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n kedere. Kíìlì méjì tó kúrú kò lè di omi mú bí ẹyọ kan tó gùn. Bí wọ́n bá fẹ́ kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, Centaur á máa yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì máa ṣẹ́rí lọ ṣẹ́rí bọ̀ nígbà púpọ̀ kó tó dé ibi tí Contessa dé. Ti eré sísá, ìyàtọ̀ wọn kò pọ̀. Bí apá ọkọ̀ tó kan omi bá ṣe gùn tó ni eré rẹ̀ ń mọ. Centaur lè dé nǹkan bíi nọ́ọ̀tì mẹ́fà, ìyẹn máìlì òkun mẹ́fà ní wákàtí kan, Contessa á fi bí ìdajì nọ́ọ̀tì jù ú lọ. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti dojú kọ wọ́n ni ìyà wà, níbẹ̀ ni wọn yóò sì ti máa tan ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn gbọ́.

Ìyá Ìbejì yẹ ọkọ̀ náà wò lọ́nà tirẹ̀, mo sì kọ́ nǹkan lára rẹ̀. Ó wọ ilé ìgbẹ́, ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó, ó rí i pé eékún òun kò kan ògiri. Ó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan. Ó gbé ìkòkò sórí sítóòfù, ó béèrè ohun tó máa dì í mú bí ọkọ̀ bá fì. Ó gun àtẹ̀gùn láti inú ọkọ̀ kékeré, ó ní bí màmá òun bá wá láti Ìjẹ̀bú Òde, ṣé orúnkún wọn á lè gbà á? Ẹ̀gbọ́n ò béèrè ìkankan nínú ìwọ̀nyí lára Contessa. Èmi náà, mi ò bá má rántí.

Lẹ́yìn náà ni sọ̀fíyọ̀ wá, ìyẹn ẹni tó ń yẹ ọkọ̀ wò kí a tó rà á. Alágbàtà ti fẹ́ fún wa lórúkọ ẹnì kan, a ò gbà. Ẹni tó ń rà ló yẹ kó wá sọ̀fíyọ̀ tirẹ̀, kó sì san án lówó fúnra rẹ̀. Àdéhùn tí ẹ̀gbọ́n fọwọ́ sí ní kí wọ́n san ìdá kan nínú mẹ́wàá sílẹ̀, kí wọ́n sì lè gbà á padà bí àyẹ̀wò bá fi àbùkù ńlá hàn. Wọ́n gbé ọkọ̀ náà jáde kúrò nínú omi. Bàbá àgbàlagbà kan ni sọ̀fíyọ̀ náà, òòlù kékeré ló fi ń kan ara ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó ń tẹ́tí. Ibi tó dára ń dún gán-ún. Ibi tí omi ti wọ inú fáíbà ń dún bọ̀ọ́, bí ẹni kan páálí tó tutù. Lára ọkọ̀ yìí, gán-ún ló ń dún láti òkè délẹ̀.

Ìdí kíìlì ló ti bá wàhálà. Ọkọ̀ tó ti ju ogójì ọdún lọ, tó ń jókòó sínú ẹrọ̀fọ̀, ìgbàkigbà tí omi bá ń padà wá gbé e ni ẹrọ̀fọ̀ á di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Fífà yẹn, ọdún dé ọdún, ń ṣiṣẹ́ lára ojú ibi tí wọ́n ti fi irin ìdè de kíìlì mọ́ ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ó rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ níbẹ̀ lápá òsì, omi ìpẹtà ń sun níbẹ̀. Ó tún rí i pé ọ̀kan nínú àwọn kọ́ọ̀kì tó ń ti ihò abẹ́ ọkọ̀ ti di aláwọ̀ osùn. Idẹ tó bá pẹ́ nínú omi iyọ̀ máa ń pàdánù zinc inú rẹ̀. Á ṣì dúró bí idẹ, ṣùgbọ́n ọwọ́ lè ṣẹ́ ẹ, bó bá sì ṣẹ́, òkun ti wọlé nìyẹn. Ẹ̀kẹta, kò sí ìwé tó sọ ọdún tí wọ́n pààrọ̀ àwọn wáyà tó di òpó ìgbòkun mú. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ adójútòfò kì í fẹ́ gba ọkọ̀ wọlé bí wáyà rẹ̀ bá ti ju ọdún mẹ́wàá lọ.

Ẹ̀gbọ́n ti fẹ́ sá. Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀, torí gbogbo rẹ̀ ló ní iye tí wọ́n lè kọ sílẹ̀. Àbùkù tí a mọ iye rẹ̀ kò bà mí lẹ́rù tó ọkọ̀ tó ń dán tí ẹnikẹ́ni kò kàn ní òòlù. Wọ́n gba iye lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́: 1,900 pọ́ùn fún ìdí kíìlì, 1,700 fún wáyà, 400 fún gbogbo kọ́ọ̀kì. Wọ́n fi ìwé náà síwájú ẹni tó ń tà. Ọkùnrin náà jiyàn fún ọ̀sẹ̀ kan, ó wá gba 5,600. Bí a bá fi 4,000 ti àwọn oníṣẹ́ kún un, àti 750 tí wọ́n san fún sọ̀fíyọ̀ àti gbígbé ọkọ̀ jáde, àti nǹkan bí 900 fún ibi ìsokọ̀ àti adójútòfò ọdún àkọ́kọ́, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 11,250. 8,750 ṣì wà ní báńkì.

Kí wọ́n tó sanwó tán, wọ́n gbé e jáde fún ìdánwò lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ wà dáadáa. Ẹ́ńjìnnì jí lẹ́ẹ̀kan náà ní tútù. Ẹ má gbà kí ẹni tó ń tà á ti mú un gbóná kí ẹ tó dé. Ìwé ni wọ́n fi parí rẹ̀. Nínú òfin ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà 64 ni wọ́n pín níní ọkọ̀ sí. Ẹ̀gbọ́n rí i dájú pé gbogbo 64 ni ọkùnrin náà tà fún wọn, pé kò sí arákùnrin tàbí báńkì kan tó ní díẹ̀ nínú rẹ̀.

Oṣù karùn-ún ni ọkọ̀ wọ Langstone. Ẹ̀kọ́ tó kù, omi ló kọ́ wọn. Wákàtí mẹ́ta ṣáájú ìkún òkun sí wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n lè fi kúrò níbi ìsokọ̀ tàbí padà síbẹ̀. Ní Portsmouth, ní àsìkò òṣùpá tuntun àti òṣùpá àrànmọ́jú, òkun máa ń kún ní nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán. Ọ̀sẹ̀ tí òṣùpá bá ṣe ìdajì, àárọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́ ló ń kún. Ìyá Ìbejì ti kọ òṣùpá sára kàlẹ́ńdà iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n báyìí, ó ń fi í mọ òpin ọ̀sẹ̀ tí wọn yóò jáde. Ẹnu ọ̀nà Langstone pàápàá kì í ṣe eré. Bí omi bá ń fà jáde tí afẹ́fẹ́ gúúsù sì ń dojú kọ ọ́, ìgbì á máa fọ́ lórí iyanrìn East Winner. Ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ̀gbọ́n fojú rí i. Wọ́n yí padà, wọ́n sùn sí Chichester lọ́jọ́ náà.

Ìgbòkun iwájú ti gbó, ó fẹ́ ìpààrọ̀. Ọ̀nà àtibọ̀ láti Cowes lọ́jọ́ kan gbà wọ́n ní wákàtí mẹ́fà nítorí afẹ́fẹ́ ìlà-oòrùn, wọ́n tan ẹ́ńjìnnì nígbẹ̀yìn, inú wọn kò dùn. Contessa kan sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lọ́jọ́ yẹn, ó ń gun afẹ́fẹ́ lọ bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn. Ẹ̀gbọ́n wò ó títí ó fi pòórá. Wọ́n sọ ọ́ fún mi fúnra wọn.

Ní oṣù kẹjọ, wọ́n pè mí kí n bá wọn lọ sí Bembridge. A wọlé nígbà tí omi kún, a sọ ìdákọ̀ró sí iwájú àti ẹ̀yìn létí iyanrìn, a sì dúró. Omi fà díẹ̀díẹ̀. Mo gbọ́ tí kíìlì kan ilẹ̀, pẹ̀lẹ́, lẹ́ẹ̀kan lọ́tùn-ún, lẹ́ẹ̀kan lósì, ọkọ̀ sì dúró ṣinṣin. Àwọn ìbejì sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, wọ́n rìn yí ọkọ̀ po lórí iyanrìn, wọ́n ń fọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti tún kíìlì ṣe. Màmá Ìyá Ìbejì, tó ti dé láti Ìjẹ̀bú Òde ní oṣù keje, jókòó sínú ọkọ̀, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n ń ya ẹja yíyan sínú abọ́. Ìkòkò ọbẹ̀ wà lórí sítóòfù, kò mì rárá. Ẹ̀gbọ́n sọ̀ kalẹ̀ láti ka ìwọ̀n omi tó kù lójú ọ̀nà, kí a lè mọ aago tí yóò padà wá gbé wa.